Ẹ Jẹ́ Kí Ó Dúró Kí Ẹ Tó Fà Á Yọ

Ìmọ̀ràn fún àwọn oníṣòwò àti àwọn olùkọ́ tí ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sínú háàdì díráìfù

Gbogbo ẹni tí ó bá ti gba Òṣòdì kọjá rí ni ó mọ̀ pé ìkánjú pọ̀ níbẹ̀. Láti ìdájí ni àwọn agbèrò ti ń pariwo, tí ọkọ̀ kan ń já èrò sílẹ̀, tí òmíràn ń kó èrò. Ẹni tí ó ń lọ sí Ìsọlọ̀ ń sáré, ẹni tí ó ń bọ̀ láti Máfolúkù ń sáré, ẹni tí kò tilẹ̀ ní ibi pàtó tí ó ń lọ a máa bá wọn sáré. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìkánjú yìí, àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé kì í fò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó ṣì ń rìn. Yóò ké pé, "Ó wà o!" yóò sì ní sùúrù kí awakọ̀ tẹ bíréèkì. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ojú irin. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kejì, ọdún 2024, ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí à ń pè ní Red Line, èyí tí ó ti Agbádó wá sí Òyìngbò, tí Òṣòdì sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó rẹ̀. Kò sí ọlọgbọ́n kan tí yóò fò bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé, ènìyàn kan náà tí kò jẹ́ fò kúrò nínú ọkọ̀ tí ń rìn, bí ó bá dé ìdí kọ̀ǹpútà, yóò na ọwọ́, yóò sì fa okùn háàdì díráìfù rẹ̀ yọ nígbà tí àwo inú rẹ̀ ṣì ń yí, tí iṣẹ́ tí ó fi rán an kò sì tíì parí. Bí nǹkan bá bàjẹ́ tán, yóò ní ayé ló ń ṣe òun. Kì í ṣe ayé, ìkánjú ni. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn, pàápàá ẹ̀yin tí ń lo kọ̀ǹpútà tí Linux wà nínú rẹ̀.

ÌWÉ GBÈSÈ ÀTI MÁÀKÌ ỌMỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Háàdì díráìfù tí à ń wí yìí ni ẹrù pẹlẹbẹ kan tí ènìyàn lè dì mú lọ́wọ́ kan, tí a ń fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà láti kó iṣẹ́ pamọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní ẹ́sítánà. Kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a ro olùkọ́ kan wò ní Ìsọlọ̀. Gbogbo máàkì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fún sáà ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó kó sínú ẹrù yìí, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò, àti àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ láti ọdún mélòó kan. Ó kù ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn òbí wá gba èsì. Bí ẹrù náà bá kọ̀ tí kò ṣí, ta ni yóò sọ fún ọmọ tí ó gba 78 nínú ìṣirò pé máàkì rẹ̀ ti sọnù? Ẹ tún ro ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Aswani, tí ọmọ rẹ̀ ti bá a kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó sínú kọ̀ǹpútà. Bí ìwé gbèsè náà bá parẹ́, onígbèsè tí ó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run yóò san owó rẹ̀. Èyí tí kò ní yóò wo ojú ìyá náà, yóò sì wí pé, "Mọ́mì, èló ni ẹ ní mo jẹ yín?" Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ owó ọjà àti iyì ènìyàn ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan?

Kí ni ó dé tí a fi dárúkọ Linux? Linux ni ètò tí ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọdún 1991 nígbà tí ó wà ní yunifásítì, tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé sì ti bá a tún ṣe láti ìgbà náà. Ọ̀fẹ́ ni. Oríṣi rẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ni Ubuntu, èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, dá sílẹ̀ ní ọdún 2004. Èdè àwọn ará ìhà gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀, ó sì jẹ mọ́ ìwà ọmọlúwàbí sí ẹnìkejì. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú gbogbogbòò tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wa tí kò lè gba Windows tuntun, Linux sì jẹ́ ọ̀nà kan láti mú kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣì wúlò. Ṣùgbọ́n ilé tuntun, àṣà tuntun. Láti ìparí ọdún 2018 ni Windows ti ń ṣètò ara rẹ̀ kí ẹ́sítánà má baà tètè bàjẹ́ bí a bá ṣèèṣì fà á yọ. Ẹni tí ó ti fi ìyẹn kọ́ ọwọ́ rẹ̀, tí ó wá gbé ìkánjú náà wá sí orí Linux, ń wá ẹjọ́ fún ara rẹ̀.

ÀWO TÍ Ń YÍ ÀTI ORÍ TÍ KÒ GBỌDỌ̀ KÀN ÁN

Àwọn àgbà wa tí wọ́n ti lo gírámáfóònù rí yóò tètè lóye bí ẹ̀rọ yìí ti rí. Nínú gírámáfóònù, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ń yí, abẹ́rẹ́ sì ń tọ ojú rẹ̀ lọ. Háàdì díráìfù náà ní àwo tirẹ̀ tí ń dán bíi dígí, ó sì ní orí kékeré kan tí ń kọ nǹkan sójú àwo náà, tí ó sì ń kà á padà.

Ìyàtọ̀ méjì ni ó wà. Èkíní ni eré sísá. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ a máa yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n àwo inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ háàdì díráìfù alágbèéká ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Èkejì ni pé abẹ́rẹ́ gírámáfóònù gbọdọ̀ kan àwo kí orin tó jáde, ṣùgbọ́n orí inú háàdì díráìfù kò gbọdọ̀ kan àwo rẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ tí àwo náà ń dá sílẹ̀ bí ó ti ń yí ni ó gbé orí náà dúró lókè. Àyè tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí fọ́nrán irun kan fi nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí orí náà bá kan àwo níbi tí ó ti ń sáré, yóò họ ọ́, ohun tí a kọ sí ojú ibẹ̀ sì ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe é fi ṣe ibi ìsinmi kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo náà. Bí a bá sọ fún ẹ̀rọ náà pé iṣẹ́ ti parí, orí yóò rọra fà sẹ́yìn lọ sí ibi ìsinmi rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwo yóò wá dúró. Bí a bá fa okùn yọ lójijì, ẹ̀rọ náà kò ní ṣàì gbìyànjú: yóò fi agbára tí ó kù nínú àwo tí ó ṣì ń yí gbé orí náà sá lọ sí ibi ìsinmi. Ṣùgbọ́n ó dàbí ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì nítorí ọmọ tí ó já sójú títì. Bíréèkì náà gba ẹ̀mí là, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe ìwà lójoojúmọ́.

Kí ẹ lè mọ bí ọgbọ́n tí ó wà nínú ẹrù yìí ti pọ̀ tó, ẹ jẹ́ kí a rán yín létí pé ní ọdún 1956, ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Àwo 50 ni ó wà nínú rẹ̀, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 61. Ẹ̀rọ náà wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù kan, síbẹ̀ létà bíi mílíọ̀nù márùn-ún péré ni ó lè gbà. Ẹ́sítánà téràbáìtì kan tí olùkọ́ ń fi sínú báàgì rẹ̀ lónìí ń gba ìlọ́po 200,000 ti ìyẹn. Ohun tí ó gba ọgbọ́n tó báyìí láti ṣe, ó yẹ kí á fún un ní ìṣẹ́jú kan kí ó sinmi.

ỌMỌ-IṢẸ́ TÍ OWÓ ṢÌ WÀ LÁPÒ RẸ̀

Orí àti àwo tí a sọ yìí, ewu ti ara ẹ̀rọ ni. Ewu kejì wà tí ó tún burú jù ú lọ nítorí pé kò hàn sójú, èyí sì ni ọ̀nà tí Linux ń gbà kọ nǹkan.

Ẹ wo ọmọ-iṣẹ́ nínú ìsọ̀. Oníbàárà san owó, ọmọ-iṣẹ́ gbà á, ó ní, "Ẹ ṣé, mo ti gbà á." Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ó bá gba náírà kan ni yóò sáré lọ sí ìdí àpótí owó ìyá rẹ̀. Yóò fi í sápò ná, yóò dá oníbàárà mìíràn lóhùn, nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀ yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú àpótí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n ni èyí, iṣẹ́ a sì máa yá. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wá gbé àpótí náà lọ nígbà tí owó ṣì wà lápò ọmọ-iṣẹ́, àpótí náà yóò délé, owó kò ní pé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Linux ń ṣe. Bí ẹ bá ní kí ó da fáìlì kọ sínú ẹ́sítánà, inú ìrántí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kó o sí, ó sì lè sọ fún yín pé iṣẹ́ ti parí. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún ni ó máa ń jí láti wo ohun tí ó wà lápò rẹ̀, èyí tí ó bá sì ti pé ìṣẹ́jú àáyá 30 níbẹ̀ ni yóò kó lọ sínú ẹ́sítánà. Nítorí náà, ẹni tí ó rí i pé ìlà tí ń fi iṣẹ́ hàn ti kún, tí ó sì fa okùn yọ lójú ẹsẹ̀, lè gbé àpótí tí owó kò pé nínú rẹ̀ lọ sílé. Yóò rí orúkọ fáìlì náà, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí i, òfìfo ni yóò bá, tàbí ìdajì.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: fláàṣì kékeré kò ní àwo tí ń yí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó àpò yìí kàn án bákan náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé nǹkan kò yí nínú tirẹ̀, òun lè fà á yọ bí ó ti wù ú.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ohun méjì ni a ní láti ṣe, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì. Èkíní, kí a tú ẹ́sítánà náà sílẹ̀, bí ìgbà tí a bá tú ewúrẹ́ lórí ìso. Èyí ni yóò jẹ́ kí Linux kó gbogbo ohun tí ó wà lápò rẹ̀ sínú àpótí, kí ó sì pa ìwé dé. Èkejì, kí a pa á, kí orí lọ sí ibi ìsinmi, kí àwo sì dúró.

Fún ẹni tí ń lo Ubuntu, ìrọ̀rùn ni. Ẹ ti gbogbo fáìlì tí ẹ ṣí láti inú ẹ́sítánà náà pa. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ti ń wo àwọn fáìlì yín. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ ó rí orúkọ ẹ́sítánà náà pẹ̀lú àmì kékeré kan tí ó dàbí ọfà tí ó kọjú sókè. Ẹ tẹ àmì náà. Bí ohun tí ń kọ bá ṣì wà, kọ̀ǹpútà yóò kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ má tíì fà á. Ẹ dúró títí yóò fi sọ pé ó ti tó yọ. Nígbà náà, ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́sítánà náà. Bí ẹ bá ṣì gbọ́ bí ó ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín, àwo kò tíì dúró. Ẹ ka ení, èjì, dé ẹ̀wá. Bí ó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ fà á.

Fún ẹni tí ó fẹ́ràn láti kọ àṣẹ fúnra rẹ̀ nínú Terminal, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Èkíní ń fi orúkọ gbogbo àwọn díráìfù hàn:

lsblk

Ẹ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tóbi tó, kí ẹ lè mọ èwo ni ẹ́sítánà. Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n. Nínú kọ̀ǹpútà kan, sdb ni ẹ́sítánà. Nínú òmíràn, sda ni. Bí ó bá jẹ́ sdb ni tiyín, tí ìpín rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ kọ ọ́ báyìí:

udisksctl unmount -b /dev/sdb1

Nígbà tí ó bá dáhùn pé ó ti tú u, ẹ wá pa á:

udisksctl power-off -b /dev/sdb

Ẹ rí i pé ti àkọ́kọ́ ní nọ́ńbà 1 lẹ́yìn, nítorí ìpín ni à ń tú. Ti èkejì kò ní, nítorí odindi ẹ̀rọ ni à ń pa. Bí ìpín bá ju ọ̀kan lọ, ẹ tú gbogbo wọn kí ẹ tó pa á. Àṣẹ àtijọ́ tí ń túni sílẹ̀ ni umount, tí a ń kọ sudo ṣáájú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí létà n lẹ́yìn u, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣì í kọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ́sítánà, tí ẹ sì tún fẹ́ lò ó, ẹ ní láti yọ okùn rẹ̀ kí ẹ tún kì í bọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó bá ní àpótí tí ń gba háàdì díráìfù méjì pọ̀ lórí okùn kan gbọdọ̀ ṣọ́ra. Bí ó bá pa ọ̀kan, èkejì lè kú pẹ̀lú rẹ̀. Kí ó tú méjèèjì kí ó tó pa èyíkéyìí.

Àwọn kan yóò bi wá léèrè nípa hdparm, àṣẹ tí a ń kọ pẹ̀lú -y láti mú kí àwo dúró. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ́sítánà ni ó ń gbọ́ ọ, nítorí pé ẹ̀rọ kékeré tí ó wà láàrin okùn àti díráìfù kì í jíṣẹ́ náà nígbà mìíràn. Ẹ sì rántí pé ẹni tí ó sùn kò túmọ̀ sí pé ó ti parí iṣẹ́. Bí ẹ kò bá tíì tú u, tí ẹ kàn mú un sùn, bí ohun kan bá ti fẹ́ kọ nǹkan sínú rẹ̀ báyìí, yóò tún jí, àwo yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ tú u ná.

BÍ KỌ̀ǸPÚTÀ BÁ KỌ̀

Nígbà mìíràn ẹ ó ní kí ó tú u, yóò sì kọ̀, yóò ní ó ṣì ń ṣiṣẹ́: target is busy. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tẹ ìwé fún ènìyàn ní ẹ̀bá títì ní Òṣòdì, àti ìyá oníṣòwò kan tí ó wá tẹ àwòrán ọjà rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ọmọ mi, yọ ọ́ fún mi jàre, ọkọ̀ ń dúró dè mí."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ó ní ohun kan ṣì ń lò ó. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

"Ìṣẹ́jú kan kẹ̀! Fà á bẹ́ẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fà á, bí ìyá náà tilẹ̀ ń ṣépè. Yóò wò ó bóyá àwòrán kan ṣì wà ní ṣíṣí, tàbí bóyá Terminal rẹ̀ ṣì dúró sínú fódà kan nínú ẹ́sítánà náà, nítorí ìyẹn pẹ̀lú a máa dè é. Bí kò bá rí ohun tí ó dè é, yóò béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àṣẹ fuser -mv tàbí lsof, yóò sì kọ orúkọ ibi tí ẹ́sítánà náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú Ubuntu, abẹ́ /media ni ó máa ń wà. Èsì rẹ̀ yóò dárúkọ ẹni tí ó di ìlẹ̀kùn mú. Yóò ti ìyẹn pa, yóò sì tún gbìyànjú.

Àṣẹ kan wà tí a ń kọ báyìí: umount -l. Ó máa ń dùn mọ́ aláìnísùúrù nínú, nítorí pé kì í kọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún un. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń mú orúkọ ẹ́sítánà kúrò lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí ń lò ó ṣì ń lò ó lẹ́yìn ilé. Ojú yín yóò rí i bí ẹni pé ó ti parí, kò sì tíì parí.

BÍ NEPA BÁ MÚ INÁ LỌ

Orúkọ NEPA ti kúrò nílẹ̀ láti ọdún 2005, wọ́n sì ti fà àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò tíì gbàgbé rẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì, ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé a fa okùn yọ: owó ń bẹ lápò, àpótí ti lọ. Nítorí náà, ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe aláìní UPS. Kò nílò kí ó gbé iná fún wákàtí kan; ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti fi pa ìwé dé, kí a tú ẹ́sítánà, kí a sì pa á. Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, bátìrì rẹ̀ ni UPS rẹ̀, bí bátìrì náà bá ṣì ní ẹ̀mí. Àti pé, bí ẹ bá ti da fáìlì pàtàkì kọ, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kékeré yìí sínú Terminal: sync. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ọmọ-iṣẹ́ pé kí ó kó gbogbo owó àpò rẹ̀ sínú àpótí lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀nà tí a gbà ṣètò ẹ́sítánà pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ètò ext4 tí Linux ń lò, ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìjàǹbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé náà ń dáàbò bo ètò ilé ju ẹrù inú ilé lọ. Bí ó bá jẹ́ exFAT, tí ó wọ́pọ̀ nítorí pé Windows àti Linux lè kà á, kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀; ìṣọ́ra tirẹ̀ gbọdọ̀ pọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ NTFS ti Windows, tí a sì fà á yọ láìtú u, Linux lè kọ̀ láti ṣí i ní ìgbà mìíràn. Ọ̀nà tí ó dájú jù ni kí a gbé e padà sórí Windows, kí a fi chkdsk yẹ̀ ẹ́ wò. Ti ext4, a ó fi fsck yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí a bá ti tú u, a kì í ṣe é nígbà tí ó wà lórí ìso.

Ẹni tí ó fẹ́ mọ iye ìgbà tí wọ́n ti fi ìyà jẹ ẹ́sítánà rẹ̀ lè béèrè. Ètò kan wà tí ń jẹ́ smartmontools. Àṣẹ rẹ̀ ni sudo smartctl -a /dev/sdb. Nínú ọ̀pọ̀ ìlà tí yóò hàn, bí ẹ̀rọ náà bá ń kà á, ẹ wá èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 192, tí ó ń jẹ́ Power-Off_Retract_Count. Ìyẹn ni iye ìgbà tí orí ti sá lójijì lọ sí ibi ìsinmi nítorí pé agbára iná já. Bí ẹ bá wò ó lónìí, tí ẹ tún wò ó lẹ́yìn oṣù kan, tí ó sì ti gòkè púpọ̀, kì í ṣe ayé ló ń ṣe yín o. Ọwọ́ tí ń fa okùn yọ ni, tàbí iná tí ń lọ tí ó ń bọ̀.

Bí ẹ́sítánà bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́kọ́kọ́ nínú, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́gán. Ẹ má gbá a, ẹ má sì tú ìdérí rẹ̀, nítorí pé ekuru kékeré kan tó láti ba ojú àwo náà jẹ́. Ẹ gbé e tọ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lọ.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Kò sí ìṣọ́ra tí ó lè sọ háàdì díráìfù di ohun tí kì í kú. Olè lè gbé e ní Òṣòdì, ó lè já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ọjọ́ ogbó rẹ̀ sì lè pé. Nítorí náà, máàkì ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé gbèsè kò gbọdọ̀ wà ní ojú kan ṣoṣo. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú ẹ́sítánà, ọ̀kan ní ilé mìíràn tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí a kó sínú ẹ́sítánà, tí a sì fà á yọ kí ó tó wọlé tán, kì í ṣe ẹ̀dà. Ìtànjẹ ni, ọjọ́ tí a bá sì nílò rẹ̀ jù ni a ó mọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ yín láti ọjọ́ kìíní tí wọ́n bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá yín tẹ ìwé bá ní kí ẹ dúró díẹ̀, ẹ má ṣe bínú sí i, nítorí ọjà yín ni ó ń ṣọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo rẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹni tí ó sì ti dúró de ọkọ̀ rí ní Òṣòdì ti dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ láìmọye ìgbà. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́, kí kọ̀ǹpútà tó dé: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.